Bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilé àti ní ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun tí kò yẹ kí ojú ọmọ rí, tí ilẹ̀kùn náà sì tún ṣí sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n á gba áàpù kan sórí fóònù, wọ́n á tẹ ibi díẹ̀ nínú rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Nígbà tó bá yá, wọ́n á bá ọmọ náà níbi tí wọn kò rò pé ó lè dé. Kì í sábà jẹ́ pé áàpù náà kò dára. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ọmọ ń lo àkáǹtì àgbàlagbà, tàbí pé ọjọ́ orí tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Èyí tó burú jù méjèèjì lọ ni ti ọmọ tó rí ohun tó bà á lẹ́rù, tí kò sì lè sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé fóònù rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìpele wọ̀nyí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ má sì kọjá sí èyí tó kàn títí àyẹ̀wò tó wà ní ìparí ìpele kan yóò fi yọrí sí rere.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tí ọmọ ń lò àti fóònù òbí kan, kí bátìrì méjèèjì ti kún.
- Ímeèlì òbí tó ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú ètò ẹ̀rọ Wi-Fi ilé. Èyí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń so fóònù mọ́ Wi-Fi. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ ẹ̀rọ náà.
- Ìwé kan àti kálàmù.
- Nǹkan bíi wákàtí méjì, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ yín.

Ẹ má ṣe fojú kéré èyí tó kẹ́yìn. Òbí tó bá dúró kí ọmọ sùn kó tó tún fóònù rẹ̀ tò yóò jẹ́ kí ọmọ jí sí ohun tó dà bí ìjà, ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí yóò gbà borí. Ẹ ṣe é lójú rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.

Ìpele 1: Ẹ ka gbogbo ẹ̀rọ tó wà nílé

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé: fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ géèmù. Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni fóònù àtijọ́ tó wà nínú àpótí, tí kò ní SIM mọ́. Kò nílò SIM. Wi-Fi nìkan ti tó o.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ Wi-Fi, kí ẹ wo àkójọ àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí orúkọ kan tí ẹ kò kọ, ẹ wá ẹ̀rọ náà rí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Àkáǹtì ọmọ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an

Ìpele yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń kánjú kọjá. Iléeṣẹ́ tó ni áàpù lè máà rí ojú ọmọ yín rárá. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáǹtì ni ó kọ́kọ́ ń fi pinnu ohun tí yóò fi hàn án àti ẹni tí yóò jẹ́ kí ó kọ̀wé sí i. Ọmọ ọdún 10 tó bá kọ ọ́ pé ẹni ọdún 18 ni òun ti di àgbàlagbà lójú ẹ̀rọ, yóò sì máa dàgbà lọ bẹ́ẹ̀: ní ọdún tó pé ọmọ 13, ẹni ọdún 21 ni wọ́n ń kà á sí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Instagram ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 sínú àkáǹtì ọ̀dọ́, èyí tí àjèjì kò lè wo inú rẹ̀, tí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò sì lè tú ìdè rẹ̀ láìsí àṣẹ òbí. TikTok pẹ̀lú kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 fi ìwé ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ tàbí kí ó gbà á. Gbogbo ààbò wọ̀nyí, lásán ni wọ́n jẹ́ fún ọmọ tó parọ́ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó sì yẹ kí n sọ ọ́ síta pé, lọ́pọ̀ ìgbà, òbí ló bá ọmọ pa irọ́ náà kí àkáǹtì lè ṣí kíákíá.

Bí fóònù ọmọ bá jẹ́ Android, ẹ gba Family Link, áàpù Google tí òbí fi ń ṣàkóso fóònù ọmọ, sórí fóònù tiyín, kí ẹ sì ti ibẹ̀ ṣí àkáǹtì Google tuntun ní orúkọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, kí ẹ lọ sí Family, kí ẹ sì fi ọmọ kún ìdílé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àkáǹtì tiyín kúrò lórí fóònù ọmọ pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí àkáǹtì òbí bá ṣì wà níbẹ̀, ọmọ kàn ní láti yí padà sí i ni.

Bí ọmọ bá ti ní àkáǹtì olọ́jọ́ orí irọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tún ọjọ́ ìbí náà ṣe. *Ìkìlọ̀:* ọdún 13 ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fi ṣe ààlà, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Bí òótọ́ bá fi hàn pé ọmọ kò tíì dé ibẹ̀, iléeṣẹ́ lè ti àkáǹtì náà pa. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn àwòrán àti ìwé tó ṣe pàtàkì sí ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé òótọ́ sísọ ló fi pàdánù wọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní kí ọmọ gbìyànjú láti gba áàpù kan tí kò gbà rí. Ìbéèrè gbọ́dọ̀ dé sórí fóònù yín pé ṣé ẹ fọwọ́ sí i. Bí áàpù náà bá wọlé láìbéèrè, àkáǹtì àgbàlagbà ṣì wà níbì kan, tàbí kí ètò ìfọwọ́sí wà ní pípa. Ẹ padà wá a.

Ìpele 3: Ètò inú fóònù

Nínú Family Link, ẹ yan iye wákàtí tí ọmọ lè lò lójúmọ́, àsìkò oorun, àti àwọn áàpù tí ẹ gbà kó lò. Lórí iPhone, inú Screen Time ni gbogbo èyí wà; abẹ́ Content & Privacy Restrictions ni a ti ń dí àwọn ojú ìwé tí kò yẹ ọmọdé. Ẹ tan Communication Safety pẹ̀lú nínú Screen Time: yóò máa fi bàìbàì bo àwòrán ìhòòhò kí ọmọ tó ṣí i, inú fóònù fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti ń wáyé, kò gbé àwòrán lọ sí ibòmíràn.

Ní ti YouTube, ọmọ kékeré tọ́ sí YouTube Kids. Fún èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ìpele mẹ́ta ni Google fi lélẹ̀ fún òbí láti yàn: Explore, Explore More àti Most of YouTube. Ní tèmi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Explore, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìwà rẹ̀ béèrè ìgbéga, nítorí ó rọrùn láti ṣí ilẹ̀kùn ju láti tún un tì lọ.

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti ń kùnà. Èkíní ni PIN: wọ́n á fi ọdún ìbí ọmọ ṣe é, tàbí kí wọ́n lo èyí tí wọ́n fi ń ṣí fóònù tiwọn, tí ọmọ ti ń wo ìka wọn tipẹ́. Èkejì ni pé wọ́n á ti áàpù kan pa, wọ́n á sì gbàgbé pé ọmọ lè ti inú Chrome tàbí Safari wọ ojú ìwé áàpù kan náà. Ẹ̀kẹta ni aago: ọmọ tó bá lè yí aago fóònù sẹ́yìn lè sọ aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi àsìkò oorun sí ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìsinsìnyí, kí ẹ sì dúró. Nígbà tí fóònù bá ti ara rẹ̀, ẹ fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbìyànjú láti ṣí i ní ọ̀nà yòówù tó mọ̀, pẹ̀lú ìlérí pé ẹ kò ní bá a wí. Ohun tí ẹ óò kọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn pọ̀.

Ìpele 4: Asẹ́ lórí Wi-Fi ilé

Ètò inú fóònù kò ran tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ran ẹ̀rọ géèmù tàbí fóònù ọ̀rẹ́ ọmọ tó wá kí i. Asẹ́ kan wà tí a lè ta sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. DNS ni ètò tí ẹ̀rọ máa ń bi léèrè ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹni tí a ń bi bá kọ̀ láti júwe ọ̀nà ilé kan, a kò ní rí ilé náà. Láti ọdún 2020 ni iléeṣẹ́ Cloudflare ti ń fún àwọn ìdílé ní irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ Wi-Fi, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DNS sí, kí ẹ tẹ 1.1.1.3 sí ààyè àkọ́kọ́ àti 1.0.0.3 sí èkejì. Ẹ fi pamọ́, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún un tàn. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà ètò náà padà, nítorí èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ọmọ náà lè kà á.

*Ìkìlọ̀:* 1.1.1.2 kì í ṣe ohun kan náà. Ó ń dí áàpù burúkú lọ́nà, ṣùgbọ́n kò dí àwòrán ìṣekúṣe. Ẹ má sì ṣe fi 1.1.1.3 sí ààyè kan kí ẹ wá fi 8.8.8.8, DNS Google tí kò ní asẹ́, sí èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn, nítorí ẹ̀rọ lè bi èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibi tí ògiri bá ti lanu ni aláǹgbá máa ń gbà wọlé.

Dátà fóònù kò gba inú Wi-Fi ilé kọjá, nítorí náà asẹ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lórí Android, ẹ wá Private DNS nínú Settings, kí ẹ sì kọ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀. VPN, ìyẹn áàpù tó ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ mìíràn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú máa ń fo asẹ́ yìí kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìfọwọ́sí áàpù ní ìpele kejì fi ṣe kókó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fúnra yín tẹ orúkọ ojú ìwé ìṣekúṣe kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, lórí Wi-Fi lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lórí dátà fóònù ọmọ. Kò gbọ́dọ̀ ṣí ní ibi méjèèjì. Ẹ dán tẹlifíṣọ̀n wò pẹ̀lú.

Ìpele 5: Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀

Asẹ́ lè dí ojú ìwé. Kò lè dí ẹnu ènìyàn. Bí ọmọ bá ń lo WhatsApp, ẹ lọ sí Privacy, kí ẹ yí Groups sí My contacts, kí àjèjì má baà lè fà á wọ gúrúùpù. Kí ẹ ṣe bákan náà fún àwòrán ojú rẹ̀ àti Status. Ẹ tan ètò tó ń pa ìpè ẹni tí a kò mọ̀ lẹ́nu mọ́, kí ẹ sì fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà sí Two-step verification. Lórí TikTok, ẹ so àkáǹtì yín mọ́ ti ọmọ nípasẹ̀ Family Pairing. Ẹ yọ àṣẹ ibi-tí-a-wà kúrò lọ́wọ́ kámẹ́rà, nítorí fọ́tò lè gbé àdírẹ́sì ilé dání láìjẹ́ pé ó hàn lójú.

Géèmù ni òbí kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àjèjì ti rọrùn jù láti bá ọmọ pàdé. Ẹ ṣí géèmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ibi tí a ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ sì fi sí àwọn ọ̀rẹ́ nìkan tàbí kí ẹ pa á. Bí ẹ kò bá rí ibi tí a ti ń pa á, ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ dá nìkan ta géèmù náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi fóònù ẹlòmíràn, tí ọmọ kò ní nọ́ńbà rẹ̀, gbìyànjú láti fi ọmọ kún gúrúùpù, láti wo àwòrán rẹ̀, àti láti kọ̀wé sí i nínú géèmù.

Ìpele 6: Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ

Bí ẹ bá fo ìpele yìí, ẹ kò tíì ṣe ohunkóhun. “Má bá àjèjì sọ̀rọ̀” kò tó, nítorí ẹni tó ń bá ọmọ ta géèmù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe àjèjì lójú ọmọ mọ́. Ìṣísẹ̀ àwọn ẹni ibi ni kí ẹ kọ́ ọ, kí ó lè dá a mọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹni náà yóò kọ́kọ́ yìn ín, tàbí kí ó fún un ní ẹ̀bùn inú géèmù. Yóò ní kí wọ́n kúrò ní gbangba lọ sórí áàpù mìíràn. Yóò béèrè bóyá àgbàlagbà kankan ń wo fóònù rẹ̀. Yóò bá a dá àṣírí kan. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè fọ́tò, kékeré lákọ̀ọ́kọ́, àti nígbà tó bá ti gba èyí tí kò yẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí halẹ̀ pé òun yóò tú u síta. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin pẹ̀lú, kì í ṣe ọmọbìnrin nìkan: àwọn tó ń fi àwòrán ìhòòhò halẹ̀ láti gba owó máa ń dọdẹ àwọn ọmọkùnrin ọ̀dọ́ gan-an, wọ́n á díbọ́n bí ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ sọ gbólóhùn yìí fún un ní kedere, kí ẹ sì mú un ṣẹ: “Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo ṣe àṣìṣe, wá sọ fún mi. Mi ò ní gba fóònù rẹ nítorí pé o sọ òótọ́.” *Ìkìlọ̀:* ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wá sọ ohun kékeré kan, ó ń dán yín wò ni. Bí ẹ bá pariwo, kò ní mú èyí tó tóbi wá.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: “Bí ẹnì kan bá ní kí o má sọ nǹkan fún mi, kí lo máa ṣe?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ “Màá dí i lọ́nà” nìkan, ẹ tún un sọ. Ìdáhùn tí ẹ ń wá ni “Màá wá sọ fún yín.”

Ìpele 7: Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe

Ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ yan olùkọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé òun ni a ń sọ ọ̀rọ̀ báyìí fún, àti ẹlòmíràn tí yóò dúró fún un bí kò bá sí, tàbí bí ẹ̀sùn bá kan òun fúnra rẹ̀. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára ògiri kíláàsì. Àpótí ìwé tí a lè ju ọ̀rọ̀ sí láìkọ orúkọ dára fún àwọn tí ojú ń tì.

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ láti orí fóònù ara rẹ̀, bó ti wù kí inú rẹ̀ mọ́ tó. Inú àkáǹtì ilé ẹ̀kọ́ tàbí gúrúùpù tí àgbàlagbà mìíràn wà nínú rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ti máa wáyé. Òfin yìí ń dáàbò bo olùkọ́ náà.

Ní ti fọ́tò, kí ilé ẹ̀kọ́ gba ìfọwọ́sí òbí lórí ìwé lọ́dọọdún, kí wọ́n má sì ṣe gbé ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti kíláàsì rẹ̀ síta pọ̀ ṣoṣo. Ẹni tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kó sì pe ọmọ náà ní orúkọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ilé.

*Ìkìlọ̀:* bí àwọn ọmọ kan bá ń fi ọmọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú gúrúùpù, ẹ má ṣe fìyà jẹ gbogbo kíláàsì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọn yóò mọ ẹni tó sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ mọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dá akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dúró láti kíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn yóò sọ fún. Bí ẹnì kan kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ kù. Ẹ tún mú àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sílé, kí ẹ wò ó bóyá asẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kíláàsì ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìpele 8: Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mú ọkàn ọmọ balẹ̀: ẹ sọ fún un pé ẹ̀bi ẹni tó halẹ̀ mọ́ ọn ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹni tí a bá san owó fún máa ń padà wá.
2. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí orúkọ àkáǹtì, ọjọ́ àti ìhalẹ̀ náà wà. *Ìkìlọ̀:* ẹ má ya àwòrán ìhòòhò ọmọ, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ tàbí mọ̀lẹ́bí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ka ìyẹn sí ọ̀ràn. Àdírẹ́sì ibi tó wà ni kí ẹ kọ sílẹ̀.
3. Ẹ fi ẹjọ́ àkáǹtì náà sun áàpù fúnra rẹ̀, kí ẹ tó dí i lọ́nà.
4. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pẹ̀lú ohun tí ẹ kó jọ.
5. Bí àwòrán ọmọ bá ti jáde, tàbí tí ẹ̀rù ń bà yín pé yóò jáde, ẹ lọ sí takeitdown.ncmec.org. Ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán tí a yà nígbà tí ẹni náà kò tíì pé ọdún 18. Àwòrán náà kò kúrò lórí fóònù yín: ẹ̀rọ kàn ń ti inú rẹ̀ fa nọ́ńbà kan jáde, bí ìtẹ̀ka, òun ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ tó wà nínú ètò náà, bíi Facebook, Instagram àti TikTok, kí wọ́n lè dá àwòrán náà mọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́. Kò dé inú ìwé ìkọ̀kọ̀ WhatsApp tàbí ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tí kò sí nínú ètò náà; àwọn yẹn, ẹ óò fi ẹjọ́ sùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ padà sí àdírẹ́sì tí ẹ kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá wò ó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ẹni náà ti fi orúkọ mìíràn padà wá.